Asọ̀rọ̀mágbèsì: Ìròyìn Ogun àti Etí Ará Èkó, 1939 sí 1945

Orúkọ tí Yorùbá sọ rédíò, asọ̀rọ̀mágbèsì, kì í ṣe orúkọ ẹ̀fẹ̀ lásán. Bí a bá tú u palẹ̀, ohun tí ó ń wí ni pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì lẹ́nu ẹni tí ó ń bá sọ ọ́. Yorùbá kì í gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́ tán. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ojú tí ó wà nínú orúkọ yìí náà ni ọ̀pọ̀ ará Èkó fi wo ìròyìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbé jáde nígbà Ogun Hitler.

Láti ọdún 1935 ni ìjọba ti ń fi wáyà pín ohùn rédíò Lọ́ńdọ̀nù sí ilé àwọn tí ó lè sanwó rẹ̀ ní Èkó. Ohùn kan ṣoṣo ni àpótí náà ní. Ẹni tí ó gbé e kọ́ ògiri kò lè yí i síbòmíràn láti gbọ́ ohun tí Jámánì ń wí. Nígbà tí ogun bẹ́ ní oṣù kẹsàn-án 1939, òfin ààbò ìlú tún fún ìjọba lágbára lórí ohun tí ìwé ìròyìn lè tẹ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n ogun kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ bò mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1940, ilẹ̀ Faransé túúbá. Dàhọ̀mì bọ́ sábẹ́ ìjọba Vichy, Kétu àti Sábẹ́ sì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ará àti ìbátan wà ní ìhà méjèèjì ẹnubodè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Dakar, wọ́n sì padà lọ́wọ́ òfo. Síbẹ̀, kò sí èyí tí ó tú àṣírí bí ọ̀rọ̀ Singapore, odi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi yangàn pé apá ọ̀tá kò lè ká. Ní ọjọ́ 15, oṣù kejì, 1942, Jàpáànì gbà á. Nǹkan bí 80,000 ọmọ ogun ni ó fi ara wọn lé ọ̀tá lọ́wọ́. Rédíò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí. Ọjà kò lè bò ó. Rọ́bà àti tánganran ìlà-oòrùn bọ́ sọ́wọ́ Jàpáànì, ìjọba sì yíjú sí Nàìjíríà: kí àgbẹ̀ kọ rọ́bà, kí ó pa èkùrọ́ sí i. Ní 1942 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi tipátipá kó ọkùnrin lọ wa tánganran ní ìhà Jos. Ta ni kò ní mọ̀ pé ẹni tí ó ń sáré báyìí ti pàdánù nǹkan ńlá?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìjọba ti di ohun tí ìyá olọ́jà lè fi òṣùwọ̀n ara rẹ̀ wọ̀n ni ọ̀rọ̀ gàrí. Láti 1941 ni ìjọba ti ń fi òfin dá iye oúnjẹ ní Èkó, ètò tí a fi orúkọ Captain Pullen tí ó ń darí rẹ̀ pè. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà, kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò ní gbà. Iye wà nínú ìwé, gàrí kò sí lórí àtẹ. Ẹni tí ó bá rí i, ní kọ̀rọ̀ ni, ní iye mìíràn. Ẹni tí ìjọba kò sọ òtítọ́ iye gàrí fún, báwo ni yóò ṣe gba iye ọkọ̀ òfuurufú Jámánì tí a ní a já lulẹ̀ gbọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣi èyí gbọ́ o. Àwọn tí ń ṣe iyèméjì wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rẹ́ Hitler. West African Pilot, tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní Yaba ní oṣù kọkànlá 1937, wà lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun náà. Ohun tí ó ń bi wọ́n ni ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ jà. Ní oṣù kẹjọ 1941, Churchill àti Roosevelt ṣe ìlérí pé gbogbo ènìyàn ni yóò lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ìjọba tí ó wù wọ́n. Attlee sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù pé ìlérí náà kan ènìyàn dúdú. Kò pé oṣù kan tí Churchill fúnra rẹ̀ fi sọ ní ilé ìgbìmọ̀ pé àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó wà lábẹ́ Jámánì ni wọ́n ní lọ́kàn. Ìjọba kan, ẹnu méjì! Ní 1943, Azikiwe gbé ìwé lórí ìlérí yìí lọ bá ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ohun tí ó tìdí rẹ̀ yọ.

Ogun Yúróòpù parí ní oṣù karùn-ún 1945. Nígbà tí oṣù kẹfà ń lọ sópin, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí àwọn ará rélùwéè wà níwájú wọn, da iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí owó oṣù kò tó ra oúnjẹ mọ́. Àgbàlá rélùwéè Ebúté-Mẹ́ta, níbi tí ariwo irin kì í ti í dákẹ́, pa lọ́lọ́. Pilot àti Daily Comet gbè sẹ́yìn wọn. Ní ọjọ́ 8, oṣù keje, ìjọba fi òfin de ìwé ìròyìn méjèèjì. Ó ní wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì náà gba ibi tí kò gbà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ń tẹ Pilot ní Yaba dákẹ́. Àpótí ara ògiri kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.