Ohun Tí Ọwọ́ Lè Wò, Ohun Tí Ọwọ́ Kò Lè Wò: Àlàyé Lórí Eegun Ẹ̀yìn, Oríkèé àti Iṣan Ọmọdé

Lójú ọ̀nà tí ó ti Adó-Èkìtì lọ sí Ìjan-Èkìtì ni ilé ẹ̀kọ́ Pólì ti ìjọba àpapọ̀ wà. Ojú ọ̀nà yìí kan náà ni Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2009, tí ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2017. Síbẹ̀, bí ẹ̀yìn bá ń ro ẹni tí ó ti ń kọ ebè láti àárọ̀, tàbí tí apá ọmọ tuntun kan kò bá gbéra bí èkejì rẹ̀, kì í ṣe ilé ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rò. Ọwọ́ ni wọ́n ń wá: ọwọ́ ìyá àgbà tí ó mọ ọmọ í wẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ó ń fi òrí wọ́ ara, ọwọ́ tẹ́guntẹ́gun tí ó ń to eegun tí ó ṣẹ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn tún wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní chiropractic. Àwọn ènìyàn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn ẹbí tí ó wà ní Amẹ́ríkà àti Lọ́ńdọ́nù, wọ́n sì ń rí i nínú fídíò níbi tí wọ́n ti ń yí ọrùn ènìyàn tí oríkèé sì ń dún. Àwọn kan ní ó ń wo ẹ̀yìn ríro. Àwọn mìíràn ní ó ń wo gìrì, àsímà, àti ọmọ tí kò tètè rìn. Ó yẹ kí òbí mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ọmọ tí wọ́n bá gbé lọ síbi tí kò yẹ lè pàdánù wákàtí tí ì bá fi rí ìtọ́jú gidi.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá

Daniel David Palmer, ẹni tí wọ́n bí ní Canada lọ́dún 1845, ni ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ nílùú Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní Amẹ́ríkà. Palmer kì í ṣe dókítà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1895, ó tẹ eegun ẹ̀yìn Harvey Lillard, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ó ń tọ́jú ilé tí Palmer ti ń ṣiṣẹ́, tí etí rẹ̀ sì ti di. Palmer ní òun tẹ eegun kan padà sí àyè rẹ̀, etí ọkùnrin náà sì là. Inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì méjì tí ó túmọ̀ sí ọwọ́ àti ìṣe ni wọ́n ti fa orúkọ iṣẹ́ náà yọ. Ní 1897, Palmer dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé eegun ẹ̀yìn tí ó yẹ̀ ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àìsàn ènìyàn.

Ìmọ̀ ìṣègùn kò ti ẹ̀kọ́ yìí lẹ́yìn. Iṣan tí ènìyàn fi ń gbọ́ràn, láti inú etí ni ó ti lọ tààrà sí ọpọlọ. Kò gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá rárá. Ìjà láàrin àwọn dókítà àti àwọn ọmọlẹ́yìn Palmer pẹ́ púpọ̀. Ìpínlẹ̀ Kansas ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin fún iṣẹ́ náà ní 1913, Louisiana sì ni ó kẹ́yìn ní 1974. Ní 1976, àwọn oníṣẹ́ chiropractic kan pe ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ pé wọ́n gbìmọ̀ láti pa iṣẹ́ àwọn run, ilé ẹjọ́ sì dá wọn láre ní 1987. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 1994. Ṣùgbọ́n òfin tí ó fún ènìyàn láyè láti ṣiṣẹ́ kò sọ gbogbo ohun tí ó bá sọ di òtítọ́.

Bí eegun ẹ̀yìn àti iṣan ṣe so pọ̀

Yorùbá ń pe ohun mẹ́ta ní iṣan: ẹran tí ó ń fa apá àti ẹsẹ̀, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń gbé ìròyìn láàrin ọpọlọ àti ara. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí, iṣan ìmọ̀lára, ni ọ̀rọ̀ dá lé. Ẹni tí kò bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ lè máa fi òrí wọ́ ẹran ẹsẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ pé inú ọpọlọ ni àìsàn wà.

Eegun tí ó ń yí nínú ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́ 24: 7 wà lọ́rùn, 12 wà láàrin ẹ̀yìn, 5 wà ní ìbàdí. Ohun rírọ̀ bí tìmùtìmù wà láàrin eegun kan àti èkejì. Ihò tí ó gba àárín wọn kọjá ni olórí okùn iṣan gbà ti inú ọpọlọ sọ̀kalẹ̀, oríṣi iṣan 31 ní méjì-méjì sì yà láti ara rẹ̀ lọ sí ọwọ́, àyà, ikùn àti ẹsẹ̀. Bí tìmùtìmù náà bá yọ síta tí ó sì tẹ iṣan mọ́lẹ̀ ní ìbàdí, ìrora lè ti ìdí sọ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ fi lè máa ro ènìyàn láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ ni ó ń ṣàìsàn.

Ní ti ìró tí oríkèé ń dún nígbà tí wọ́n bá yí i, kì í ṣe pé eegun ń padà sí àyè rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú omi oríkèé ni ó ń fa ìró náà.

Àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń ro

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 2020, ènìyàn mílíọ̀nù 619 ni ìbàdí ń ro káàkiri ayé. Nínú ìtọ́sọ́nà tí àjọ náà gbé jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2023 fún ìbàdí ríro tí ó ti pẹ́ lára, títẹ àti yíyí eegun ẹ̀yìn wà lára ohun tí ó fọwọ́ sí, pẹ̀lú eré ìdárayá àti ẹ̀kọ́ nípa bí ènìyàn ṣe lè tọ́jú ara rẹ̀. Ìtọ́sọ́nà yìí kan náà kò fara mọ́ bẹ́líìtì ìbàdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà, bẹ́ẹ̀ ni kò fara mọ́ fífi okùn fa ènìyàn láti na ẹ̀yìn. Nítorí náà, ọwọ́ tí ó mọṣẹ́ lè ran ẹ̀yìn àgbẹ̀ àti ti awakọ̀ lọ́wọ́. Àǹfààní rẹ̀ mọ níwọ̀n, ìdárayá sì gbọ́dọ̀ bá a rìn.

Àwọn ẹ̀yìn kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ yí rárá. Ikọ́ ife máa ń jẹ eegun ẹ̀yìn nígbà mìíràn. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀ṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ àwọn bàbá máa ń rìn lọ sínú eegun ìbàdí. Eegun ìyá àgbà lè ti fúyẹ́ débi pé títẹ̀ díẹ̀ lè ṣẹ́ ẹ. Àwọn ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe lórí chiropractic ní 2005 ka irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sí èèwọ̀ fún yíyí. Bí wọ́n bá fi ipá yí ọrùn, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ tí ó ń lọ sí ọpọlọ lè ya, kí ó sì fa rọpárọsẹ̀. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ó ń ta bí abẹ́rẹ́ tàbí tí ó kú tipiri lè jẹ́ iṣẹ́ àtọ̀gbẹ, àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ó sì tọ́ sí i. Oríkèé tí ó ń ro ọmọ tàbí ọ̀dọ́ lemọ́lemọ́ lè jẹ́ àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí nǹkan bí ẹni kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó gbé irú ẹ̀jẹ̀ AS.

Ọmọdé àti iṣan rẹ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Kò sí ẹ̀rí tí ó dúró pé yíyí eegun ẹ̀yìn ń wo gìrì, wárápá, àsímà, etí dídùn tàbí ẹkún ọmọ ọwọ́. Ní 2008, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ chiropractic ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pe òǹkọ̀wé Simon Singh lẹ́jọ́ nítorí pé ó kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn. Ní 2010, ẹgbẹ́ náà fa ẹjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ní 2019, ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà ní Australia ní kí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ dáwọ́ yíyí eegun ẹ̀yìn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì dúró ná.

Kí ni ó wá ń ba iṣan ọmọ jẹ́ nílẹ̀ wa? Àkọ́kọ́ ni ọmọ tí kò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, tí atẹ́gùn kò dé ọpọlọ rẹ̀. Èkejì ni ibà pọ́njú ọmọ tuntun. Bí ojú àti ara ọmọ bá di àwọ̀ ìyeyè láàrin wákàtí 24 tí wọ́n bí i, tàbí tí ó bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn náà, ohun tí ó ń pọ́n ara náà lè wọ inú ọpọlọ. Oòrùn àárọ̀ àti omi ṣúgà kò tó láti lé e lọ; iná aláwọ̀ búlúù ilé ìwòsàn ni ìtọ́jú rẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Káńfọ̀ tí wọ́n ń kó sínú aṣọ ọmọ lè dá àìsàn yìí sílẹ̀ lára ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní èròjà G6PD tó. Ọmọ tí ó bá la ọ̀kan nínú méjèèjì yìí já lè di ẹni tí ọrùn rẹ̀ kò dúró, tí ara rẹ̀ ń le gan-an, tí kò sì jókòó nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rìn. Cerebral palsy ni àwọn dókítà ń pe èyí. Ọpọlọ ni ó farapa. Eegun ẹ̀yìn kò yẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè tẹ̀ ẹ́ padà.

Ẹ̀kẹta ni gìrì. Ibà, pàápàá ibà ẹ̀fọn, ni ó máa ń fà á lára ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Kíki ṣíbí bọ ọmọ lẹ́nu, fífi ẹsẹ̀ rẹ̀ síná àti fífún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù ti pa ọmọ tí gìrì fúnra rẹ̀ ì bá má pa. Ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n fi ọmọ náà dùbúlẹ̀, kí wọ́n má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀kẹrin ni abẹ́rẹ́ ìdí. Iṣan ńlá kan gba ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Bí ẹni tí kò mọṣẹ́ bá gún un, ẹsẹ̀ ọmọ lè rọ lójú ẹsẹ̀. Iwájú itan, ní ẹ̀gbẹ́ òde, ni ó dára jù láti gún ọmọ ọwọ́. Ẹ̀karùn-ún ni apá tí wọ́n fà jù nígbà ìbí, tí ó sì rọ̀ jọwọlọ. Ọ̀pọ̀ irú apá bẹ́ẹ̀ máa ń sàn bí físíò bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ní ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, abẹ́rẹ́ kọ́ ni ó ṣẹ́gun irú rẹ̀ tí ó ti ìgbẹ́ wá, ẹ̀kán oògùn ẹnu ni. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ìwẹ̀ ọmọ pàápàá fẹ́ ìwọ̀n. Fífi òrí pa ọmọ lára àti nína ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ kò burú. Sísọ ọmọ sókè, gbígbọ̀n ọ́n jìgìjìgì àti fífi orí gbé e kọ́ lè ya ìṣàn ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ rẹ̀, nítorí ọrùn rẹ̀ kò tíì lágbára.

Tẹ́guntẹ́gun

Iṣẹ́ tẹ́guntẹ́gun ti wà kí ilé ìwòsàn tó dé. Ó ń fi ọparun tàbí igi tí wọ́n là ká apá tí ó ṣẹ́, ó ń fi aṣọ dì í, ó ń fi òrí wọ́ ọ. Eegun púpọ̀ ti jinná lọ́wọ́ rẹ̀. Ewu rẹ̀ wà nínú dídì tí ó fún jù. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá lè kọjá mọ́, ẹran apá yóò kú, gígé ni yóò sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìka ọmọ bá wú, tí ó tutù, tí ó dúdú, tàbí tí kò bá mọ̀ ọ́n lára mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n di apá rẹ̀, kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ta ni òfin mọ̀?

Iṣẹ́ físíò bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1945 ní ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì, ní Èkó, nígbà tí wọ́n ń tọ́jú àwọn sójà tí ó farapa nínú ogun. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ni fún oyè ní 1966. Òfin kejìdínlógójì ti ọdún 1988 dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn oníṣẹ́ yìí sílẹ̀, chiropractic sì wà lára iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ náà ń bójú tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ fọwọ́ kan eegun ẹ̀yìn ènìyàn ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ lè fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn, kò sì sí ìtìjú nínú kí òbí béèrè rẹ̀.

Ní Èkìtì, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó, ti Afẹ́ Babalọlá sì wà lójú ọ̀nà Ìjan. Kí wọ́n yára lọ sí ọ̀kan nínú wọn bí ẹsẹ̀ bá rọ lójijì. Bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò bá ṣeé mú dúró mọ́. Bí ẹ̀yìn bá ń ro ènìyàn pẹ̀lú ibà tàbí tí ó ń rù. Bí ọmọ tuntun bá pọ́n tí kò sì fẹ́ mu ọmú. Bí gìrì bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ọmọ kò bá gbé ọrùn dúró lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, tàbí tí kò jókòó lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ọwọ́ tí ó ń wọ́ ara, ọwọ́ tí ó ń to eegun àti ọwọ́ dókítà ní ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ. Òbí tí ó bá mọ ààlà yìí kò ní fi ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣàìsàn sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ tí ó ń wá eegun tí ó yẹ̀.