Ìtàn tí ó Fara Sin sínú Ọ̀rọ̀ Òǹkà àti Ọ̀rọ̀ Àkókò ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Nínú iṣẹ́ wa ní kíláàsì, kò sí ẹ̀kọ́ tí ó máa ń mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fajú ro bí ẹ̀kọ́ òǹkà Yorùbá. Bí a bá ti dé orí méjìdínlógún àti àádọ́rin, ọ̀kan nínú wọn kò ní í ṣàì béèrè pé kí ló dé tí òǹkà tiwa fi lọ́jú pọ̀ tó báyìí, tí ti Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ́jú. Èsì tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fọ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe ń kà á. Èsì náà kò tó. Lójú tèmi, ẹni tí yóò dá ọmọ náà lóhùn ní láti tú ìdí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ wò, nítorí pé ohun tí ọmọ náà pè ní títẹ́jú, ọ̀rọ̀ tí ìdí rẹ̀ ti fara sin ni.

Ẹ jẹ́ kí á mú "eleven" àti "twelve" wò. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "endleofan" àti "twelf" ni wọ́n ń jẹ́. Ohun tí wọ́n túmọ̀ sí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni "ọ̀kan ṣẹ́kù" àti "méjì ṣẹ́kù", èyíinì ni pé lẹ́yìn tí a bá ti ka mẹ́wàá kúrò nílẹ̀. Kí ni mọ́kànlá àti méjìlá tiwa bí kò ṣe ọ̀kan tí ó lé ní ẹ̀wá àti èjì tí ó lé ní ẹ̀wá? Bákan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ a máa wí pé "four and twenty", tí wọn a fi ẹyọ ṣáájú ogún, gẹ́lẹ́ bí a ti ń wí pé mẹ́rìnlélógún.

Ọ̀rọ̀ ogún gan-an ni ó dùn mọ́ mi jù lọ. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan, "score", tí í ṣe ogún. Kì í ṣe ọmọ bíbí ilé. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Denmark àti Norway tí wọ́n wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni àmì tí a gé sára igi. A gbà pé bí darandaran bá ka ẹran pé ogún, yóò gé àmì kan sára igi, yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn, bí ẹlẹ́mu tiwa ti ń fa ìlà sára ògiri. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, ní Sáàmù 90, ẹsẹ 10, ogún mẹ́ta àti ẹ̀wá ni a fi ka àádọ́rin ọdún. Nígbà tí Abraham Lincoln sì dìde sọ̀rọ̀ ní Gettysburg ní 1863, ogún mẹ́rin àti méje ni ó fi ka iye ọdún tí ó ti kọjá láti 1776. Àádọ́rin tiwa ńkọ́? Ogún mẹ́rin ni, tí a yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀. Orí ogún kan náà ni àwọn méjèèjì dúró lé. Gẹ̀ẹ́sì ń ti ìsàlẹ̀ gòkè, Yorùbá ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé sísọ̀ kalẹ̀ yìí ni ó nira. Ṣùgbọ́n èdè Látìnì, tí a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní èdè aláìlajú, ń pe méjìdínlógún ní "duodeviginti", èyíinì ni méjì dín ní ogún. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò sì yé dín nǹkan kù bí ó bá ń ka aago: bí aago mẹ́fà bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, "ten to six" ni yóò wí. N kò sọ pé kò sí ìyàtọ̀. Òǹkà tiwa lè dín lẹ́ẹ̀mejì nínú orúkọ kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí márùn-úndínláàádọ́ta: ọgọ́ta, a yọ ẹ̀wá, a tún yọ àrùn-ún. Èyí gba àròjinlẹ̀ lóòótọ́, kò sì yẹ kí á fi pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́.

Bí a bá yí sí ọ̀rọ̀ àkókò, ìtàn náà tún gba ọ̀nà mìíràn. "Clock" wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì kan, "clocca", tí ó túmọ̀ sí agogo. Àwọn aago ńlá ìgbà àkọ́kọ́ kò ní ojú tí ènìyàn ń wò. Dídún ni wọ́n ń dún. Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà nínú Kàtídírà Salisbury títí di òní, a sì gbà pé nǹkan bí ọdún 1386 ni a ṣe é. Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé ọ̀dọ̀ tiwa, agogo ni àwọn baba wa pè é, kí ó tó di aago lẹ́nu wa. Kò sí ẹni tí ó kọ́ èkejì. Etí ni àwọn méjèèjì fi mọ̀ ọ́n.

"Noon" tilẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín. Wákàtí kẹsàn-án ni "nona" ní Látìnì. Láti ìgbà tí oòrùn bá yọ ni àwọn ará Róòmù ti ń kà á, nítorí náà nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ni. Àdúrà kan wà tí àwọn mọ́ńkì ń gbà ní wákàtí yìí, wọn kì í sì í jẹun ní ọjọ́ ààwẹ̀ títí wọn yóò fi gbà á. Ohun tí a sábà ń sọ ni pé ebi ni ó fa àdúrà náà ṣíwájú díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó dájú ni pé kí ó tó di 1400, ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti aago mẹ́ta ti di ti aago méjìlá.

Àwọn kan nínú wa a máa bínú sí "wákàtí" pé Lárúbáwá ni, wọn a sì fẹ́ kí á wá òmíràn rọ́pò rẹ̀. Irú wọn ni mo fẹ́ kí wọ́n wo "hour", "minute" àti "second": láti inú Látìnì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá, Faransé ni ó sì gbé wọn kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìpín kékeré àkọ́kọ́ ni "minute", ìpín kékeré kejì ni "second". Àní "second" tí wọ́n fi ń pe ẹni tí ó ṣe ìkejì pàápàá, yíyá ni wọ́n yá a. "Other" ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. "Zero" sì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá kan náà tí a ń bínú sí. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwa ni a tilẹ̀ ní ti ara wa, nítorí pé láti inú ìṣẹ́jú, ìpadé ìpéǹpéjú lásán, ni a ti rí orúkọ fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì yá.

Ìyípadà náà kò sì dópin sí ayé àtijọ́. Títí di ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni "billion" jẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1974 ni Harold Wilson, tí ó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, fi yé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé ti Amẹ́ríkà ni àwọn mínísítà yóò máa lò. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pàdé "billion" nínú ìwé tí a tẹ̀ ní London ṣáájú ìgbà náà ní láti kọ́kọ́ wádìí èwo ni òǹkọ̀wé ń wí.