Níbo Ni Igún Agége Lọ? Ìtàn Igbó Tó Di Oko, Oko Tó Di Ilé-Iṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ọba Akran, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú rélùwéè tuntun tó ń bọ̀ láti Ìjú, ẹ kú ìrìn. Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀: ìgbà wo lẹ rí igún gbẹ̀yìn? Kì í ṣe nínú fídíò o. Igún gan-an ni mò ń sọ, ẹyẹ olórí pípá yẹn, kó bà lé orí òrùlé ní Èkó níbí.

Èmi ò rí i rí ní Agége. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà mi, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ta pọ̀nmọ́, máa ń sọ pé nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọlọ́mọge, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, igún á ti tò sórí páànù ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran bí ìgbà tí àwọn àgbà ìlú bá ń ṣèpàdé. Lónìí, bí ẹ bá dé odò ẹran Oko-Ọba, lékeléke lẹ máa rí. Igún ti lọ.

Mo fẹ́ mọ ohun tó lé e. Èrò mi àkọ́kọ́ ni pé ilé ló lé e, ilé tí à ń kọ́ láìdáwọ́ dúró. Nígbà tí mo wá ìtàn náà dé ìsàlẹ̀, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlú àwọn agégi

Ẹ wo orúkọ Agége fúnra rẹ̀. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ará ìlú ń ṣe ni pé ara àwọn tó ń gé igi ni orúkọ náà ti wá. Igbó kìjikìji ni ibẹ̀ nígbà náà. Ìrókò wà níbẹ̀, ọ̀gànwó náà wà níbẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1880, Captain James Davies, ọkọ Sarah Forbes Bonetta tí Ọbabìnrin Victoria gbà bí ọmọ, bẹ̀rẹ̀ oko kòkó ní Ìjọn, ní apá ìwọ̀-oòrùn Èkó. Òun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbin kòkó fún títà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jacob Kehinde Coker àti àwọn oníṣòwò Èkó mìíràn wá sí Ìfàkọ̀ àti Agége láti dáko. Ní 1907, wọ́n dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀, wọ́n pè é ní Agege Planters' Union. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó bá wọn ṣiṣẹ́ ló gbé irúgbìn kòkó padà sí ìlú wọn lókè. Ẹ ò rí i? Apá kan nínú owó kòkó tó kọ́ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, Agége ni irúgbìn rẹ̀ ti jáde.

Rélùwéè tí ìjọba amúnisìn là láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 gba àárín Agége kọjá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, obì gbànja wá gba ipò kòkó. Àwọn Hausa oníṣòwò obì wá tẹ̀dó sí Agége, rélùwéè sì ń kó obì lọ sí Òkè-Ọya. Ìdí kan nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ èdè Hausa káàkiri Agége títí di òní.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: àgbẹ̀ kòkó kì í gé gbogbo igi. Kòkó fẹ́ ibòji, torí náà wọ́n máa ń fi àwọn igi ńlá díẹ̀ sílẹ̀. Igbó náà kéré sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi gíga ṣì wà tí ẹyẹ ńlá lè kọ́ ìtẹ́ sí.

Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ dé

Ní 1954, Èkó jẹ́ ìlú ìjọba àpapọ̀. Ikeja àti Agége kò sí lábẹ́ rẹ̀. Abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí ìjọba rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ni wọ́n wà. Ìjọba Ìbàdàn fẹ́ ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn oníléeṣẹ́ fẹ́ ibi tó súnmọ́ èbúté. Ikeja ló bá a mu: ilẹ̀ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni, rélùwéè gba ibẹ̀ kọjá, pápákọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀, èbúté ò sì jìnnà. Bí wọ́n ṣe ya ilẹ̀ oko sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ nìyẹn.

Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ikeja ní 1962. Ó tó 1963, Dunlop ti ń ṣe táyà. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn. Ní 1967, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ikeja bọ́ sínú rẹ̀, ní 1976 ó sì di olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Iṣẹ́ pọ̀, èèyàn ń wọ́ wá láti ibi gbogbo. Bóyá bàbá bàbá tìrẹ náà wà lára wọn. Tèmi wà lára wọn.

Mi ò ní bú àwọn tó kọ́ ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn. Iṣẹ́ ibẹ̀ ló san owó ilé-ìwé bàbá mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀ náà, kò sí igbó tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Ọ̀nà ní tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ ní tirẹ̀, ilé àwọn ọ̀gá ní tirẹ̀. Ẹranko àti igi nìkan ni kò ní.

Ta ló pa igún?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ igún. Ní 2015, àjọ àgbáyé IUCN gbé igún tí à ń sọ yìí sí ìpele ewu tó kẹ́yìn kí ẹ̀dá tó parun nínú ìgbẹ́. Ìwádìí fi hàn pé iye rẹ̀ ní Áfíríkà fi nǹkan bí 83 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ láàárín nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Igún kì í tètè pọ̀ padà, torí ẹyin kan ṣoṣo ló máa ń yé lẹ́ẹ̀kan, orí igi gíga ló sì ń yé e sí.

Gígé igi dá kún un. Ṣùgbọ́n ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ohun tó burú jù ni májèlé àti ọjà. Àwọn kan ń pa igún láti ta orí rẹ̀ àti ẹ̀yà ara rẹ̀ fún oògùn. Ní Guinea-Bissau, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, igún tó ju 2,000 lọ ni májèlé pa, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀ nínú wọn láìlórí. Ó ṣeni láàánú, torí láyé àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá, èèwọ̀ ni pípa igún. Àwa tá a jogún èèwọ̀ náà la tún wá ń wo ọjà orí igún níran.

Ẹnì kan lè ní, "Kí ló kàn mí nínú igún?" Ẹ wo India. Láti àwọn ọdún 1990, oògùn màálù kan tí wọ́n ń pè ní diclofenac pa igún ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Òkú màálù ò rẹ́ni jẹ ẹ́ mọ́. Ajá ìgboro pọ̀ sí i, omi bàjẹ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2024 ṣírò pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ló kú láfikún láàárín 2000 sí 2005 nítorí pé igún ò sí. Ní 2006, ìjọba India fòfin de oògùn náà fún màálù.

Igún kì í gba owó oṣù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìmọ́tótó ló ń ṣe. Àwa tí odò ẹran wà ládùúgbò wa ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ya nǹkan sọ́tọ̀

Ibòmíràn yàtọ̀ sí tiwa. Ní Ìbàdàn, wọ́n dá IITA sílẹ̀ ní 1967 fún ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé àti ilé ìwádìí, wọ́n gbin oko, síbẹ̀ wọ́n jẹ́ kí igbó tó tó nǹkan bí hẹ́kítà 350 wà nínú ọgbà náà. Lónìí, ẹyẹ kékeré kan tó ní pupa àti dúdú, *Malimbus ibadanensis*, wà nínú igbó yẹn. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé. Elgood, olùkọ́ ní yunifásítì Ìbàdàn, ló kọ nípa rẹ̀ fún ayé ní 1958. Wọ́n ti rí i ní Ilaro náà, tí kò jìnnà sí Agége. Òun náà wà nínú ewu.

Ní Lẹ́kí, Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ya hẹ́kítà 78 sọ́tọ̀ ní 1990. Ìyẹn ju ọgọ́rùn-ún pápá bọ́ọ̀lù lọ. Nígbà náà, ilẹ̀ ibẹ̀ ò tíì di wúrà. Lónìí, ilé ti yí i ká, ọ̀bọ sì ṣì ń fò láti igi dé igi níbẹ̀. Ká ní ọdún 2010 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yà á sọ́tọ̀ ńkọ́? Ta ló máa gbà?

Àǹfààní kejì

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyẹn. Ilé kíkọ́ àti ẹranko lè jọ gbé, bí a bá yà nǹkan sọ́tọ̀ kí ilẹ̀ tó wọ́n. Ikeja pàdánù àǹfààní yẹn lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹlẹ́ẹ̀kejì ti dé.

Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti kógbá wọlé tàbí kó lọ. Ilẹ̀ wọn ń di ṣọ́ọ̀ṣì, gbọ̀ngàn ayẹyẹ, ilé ìkẹ́rùsí, àti ilé gbígbé. Àwọn ilẹ̀ ńlá tó gbẹ̀yìn ní agbègbè wa nìyẹn, lórí ọ̀pọ̀ wọn sì ni igi àtijọ́ ṣì wà, ní ẹ̀yìn ògiri.

Òfin wà. Ní 1992, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin pé ká yẹ ipa tí iṣẹ́ ńlá máa ní lórí àyíká wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ilé gbígbé, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé àyẹ̀wò kíkún di dandan fún ni èyí tó bá gba hẹ́kítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hẹ́kítà 50! Ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ mélòó ní Ikeja ló tó bẹ́ẹ̀? Òfin tí wọ́n ṣe ní 1985 lórí ẹ̀dá tó wà nínú ewu náà wà. Ìtanràn rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ẹ̀dá tí ewu rẹ̀ pọ̀ jù kò ju 1,000 náírà lọ, kí wọ́n tó sọ ọ́ di mílíọ̀nù márùn-ún ní 2016. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, o gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ LASPARK kí o tó gé igi.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gé ìrókò kan ní àdúgbò mi láti kọ́ ilé fúláàtì. Ọjọ́ méjì ni ẹ̀rọ fi ń ké. Mo dúró, mo ń wò ó, inú mi ò dùn. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé èmi náà ń wá ilé tí owó rẹ̀ ò ní pa mí. Ẹni tó máa gbé inú fúláàtì yẹn kì í ṣe ọ̀tá mi. Ohun tó dùn mí ni pé igun ilẹ̀ ni igi náà wà, níbi tí wọ́n wá fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ká ní ẹnì kan béèrè kí wọ́n tó ya àwòrán ilé, ilé á dúró, igi náà á dúró.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Bí ẹ bá mọ ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kan ládùúgbò yín tí wọ́n fẹ́ kọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé: igi mélòó ló wà níbẹ̀, èwo sì ni ẹ máa fi sílẹ̀? Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà yín ìgbà tó rí igún gbẹ̀yìn. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù yín, nítorí ìtàn náà ò sí nínú ìwé kankan.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.