Orí àti Ẹsẹ̀: Fíìmù Kàtúùnù àti Ọ̀dọ́ Ayàwòrán ní Abidjan

Fíìmù tó ń sọ bí ọ̀dọ́ ayàwòrán ṣe mọ iṣẹ́ tí a yàn mọ́ ọn sábà máa ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ọkàn nìkan: ọmọ náà á ṣiyèméjì, á sunkún, ojú rẹ̀ á là, ó parí. Ìtàn bẹ́ẹ̀ kò pé lójú mi. Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá pé orí rere nìkan kò tó, ẹsẹ̀, ìyẹn ìsapá ẹni, gbọ́dọ̀ bá a ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ fi Abidjan wo ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá láti Port-Bouët, níbi tí pápákọ̀ òfurufú Félix-Houphouët-Boigny wà lẹ́bàá òkun. Ẹnubodè ni Port-Bouët jẹ́ fún ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́ ọnà.

Abidjan ni wọ́n bí òǹkọ̀wé Marguerite Abouet sí ní 1971. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tó lọ sí Paris. Ní 2005, òun àti ayàwòrán Clément Oubrerie gbé ìwé alàwòrán *Aya de Yopougon* jáde, ìwé náà sì gba ẹ̀bùn ìwé àkọ́kọ́ níbi àjọ̀dún ìwé alàwòrán Angoulême ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì ló darí fíìmù kàtúùnù rẹ̀ ní 2013. Nínú rẹ̀, Aya fẹ́ di dókítà, ṣùgbọ́n Ignace bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bíà, ń wá bí yóò ṣe fà á fún ọmọ ọ̀gá rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò pariwo, kò sì yí èrò padà. Ó mọ ohun tí orí òun ń fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni bàbá, owó àti ipò ọ̀gá. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé fíìmù náà jinlẹ̀ ju ọ̀pọ̀ fíìmù tó ń sọ nípa ọ̀dọ́ olórin tàbí ayàwòrán lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akọni rẹ̀ kì í ṣe ayàwòrán.

Síbẹ̀, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe fíìmù tó kún fún ariwo Yopougon, àdúgbò Abidjan, yìí. Kí ló fà á? Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kódà bí a bá lo àwòrán kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ń gba 720. Ọmọ tó dá jókòó sí yàrá rẹ̀ kò lè dá a ṣe. Ó nílò ẹgbẹ́, ọ̀gá, kọ̀ǹpútà, iná tí kì í lọ, àti owó oṣù.

Ní ọdún 2013 kan náà, ilé iṣẹ́ Afrikatoon ṣe fíìmù kàtúùnù *Pokou, princesse ashanti* ní Abidjan gan-an. Abel Kouamé ló darí rẹ̀. *Soundiata Keïta* tẹ̀ lé e ní 2014. Ṣáájú wọn, láti 1999, ìwé ìròyìn apanilẹ́rìn-ín *Gbich!* ti ń fi àwòrán bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Lójú mi, irú ibi tí a ti ń sanwó fún àwòrán bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ tí Ifá ń wí.

Ẹnìkan lè fi Moustapha Alassane ta kò mí. Ọmọ Niger yìí ti ń yàwòrán, ó sì ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé e hàn, kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní iṣẹ́ sinimá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Jean Rouch, olùdarí fíìmù ọmọ Faransé, ló ràn án lọ́wọ́, Alassane sì lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Norman McLaren, ọ̀gá nínú fíìmù kàtúùnù, ní Kánádà kó tó ṣe *Bon voyage Sim* ní 1966, fíìmù tí ọ̀pọ̀lọ́ ti di ààrẹ. Ẹ̀rí mi gan-an ni ìtàn rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀yin òbí ará Èjìgbò àti gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Abidjan, láti Treichville dé Port-Bouët, bí ọmọ yín bá ń yàwòrán sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ fún orí nìkan. Ẹ wá ọ̀gá fún un, kí ẹ sì san owó ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ bí ẹ ti ń san án fún ọmọ tó ń kọ́ aṣọ rírán.