Ibùsùn àti Àwo Oúnjẹ: Àjọgbé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn láti 1948 Títí Di Òní

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ń gbé pọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹgbẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń gbafẹ́ wò, láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ohun tí a tẹnu mọ́ ni pé ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn àti ibi tó ti ń jẹun ló ń pinnu ẹni tí yóò bá rìn. Nígbà tí ìjọba kọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ tí yàrá kò sì kárí mọ́, ìgbé-ayé ẹgbẹ́ kò parẹ́. Ńṣe ló kó jáde lọ bá ìlú. Iṣẹ́ náà dábàá pé kí àwọn aláṣẹ ka àjọgbé mọ́ ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì náwó lé e bí ẹ̀kọ́.

Ìfáárà

Bi akẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì Ìbàdàn kan tó ti ń súnmọ́ ọgọ́rin ọdún léèrè ìgbà èwe rẹ̀, họ́ọ̀lù rẹ̀ ni yóò sáábà kọ́kọ́ dárúkọ kí ó tó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀. Yóò ní Mellanbite ni òun, tàbí Kutite, tàbí Tedderite. Bi ọmọ ọdún kejì tó wà níbẹ̀ lónìí ní ìbéèrè kan náà, ó ṣeé ṣe kí ó dárúkọ àdúgbò fún ọ: Àgbowó, Orógùn, Ọjọ́ọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin ìdáhùn méjèèjì yìí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣàlàyé.

Àwọn tó ń kọ ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ gíga a máa gbájú mọ́ ọ̀gá àgbà, owó ìjọba àti ìyanṣẹ́lódì. Wọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lójúmọ́. Ó ń sùn, ó ń jẹun, ó ń wá ọ̀rẹ́, ó ń wá ẹni tí yóò fẹ́, ó sì ń kọ́ bí a ṣe ń bá ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ gbé. A mú Ìbàdàn nítorí pé òun ni yunifásítì tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà, àti nítorí pé ìlú ńlá tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí ìtòsí rẹ̀ ti yí i ká pátápátá báyìí.

Láti wọ́ọ̀dù ológun dé họ́ọ̀lù

Ní oṣù kìíní ọdún 1948 ni University College, Ibadan, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104 tí wọ́n kó wá láti Yaba Higher College ní Èkó. Abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló wà, Kenneth Mellanby sì ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́. Wọn kò kọ́ ilé dè wọ́n. Ilé ìwòsàn tí àwọn ológun fi sílẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n tún ṣe. Wọ́ọ̀dù tí aláìsàn ti ń sùn tẹ́lẹ̀ ló di ibùsùn akẹ́kọ̀ọ́. Chinua Achebe wọlé ní ọdún kan náà, ìmọ̀ ìṣègùn ló sì kọ́kọ́ wá kọ́ kí ó tó yà sí ẹ̀ka èdè àti ìtàn. Iye àwọn obìnrin kò tó nǹkan. Gbogbo wọn mọ ara wọn lójú, wọ́n sì mọ ara wọn lórúkọ.

Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1948 ni Arthur Creech Jones, mínísítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí àwọn ilẹ̀ amúnisìn, wá ṣí ilẹ̀ ibùdó ayérayé ní ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ọjọ́ yẹn ni yunifásítì náà ṣì ń ṣe ní Ọjọ́ Olùdásílẹ̀ títí di òní. Ibùdó tuntun yìí tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́jọ sí àárín ìlú, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ jìnnà ni. Ayàwòrán ilé méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Maxwell Fry àti Jane Drew tí wọ́n jẹ́ tọkọtaya, ló ya àwọn ilé náà: ilé tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, tí afẹ́fẹ́ ń gba iwájú wọlé, tó ń gba ẹ̀yìn jáde, tí yàrá ní bákónì tirẹ̀. Báyìí ni họ́ọ̀lù Mellanby, Tedder àti Kuti ṣe dìde. Wọ́n fi Kuti sọrí Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ Elliot tí iṣẹ́ wọn ṣí ọ̀nà fún dídá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Queen Elizabeth II di ti àwọn obìnrin. Sultan Bello, Independence àti Nnamdi Azikiwe sì tẹ̀lé e.

Èrò àwọn tó dá a sílẹ̀ hàn kedere nínú ètò yìí. Àwòṣe àwọn yunifásítì àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé wá: họ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní olùtọ́jú tirẹ̀ nínú àwọn olùkọ́, ó ní gbọ̀ngàn ìjẹun tirẹ̀ àti tábìlì gíga tí àwọn àgbà ń jókòó sí. Akẹ́kọ̀ọ́ a wọ gáùn lọ sí àsè alẹ́. Ẹ̀kọ́ ìwà ni wọ́n pè é, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ àfarawé òyìnbó. Síbẹ̀ ó bí ohun kan tí òyìnbó fúnra rẹ̀ kò gbèrò. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ìgbò, ọmọ Ẹ̀fíìkì àti ọmọ Hausa ń jẹun lórí tábìlì kan náà lójoojúmọ́ ní àsìkò tí àwọn olóṣèlú ń fi ẹ̀yà pín orílẹ̀-èdè.

Tábìlì kan náà, ohùn kan náà

Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá jókòó ti ẹ̀wà kan náà tí kò jinná, ẹnikẹ́ni kì í nílò láti pe ìpàdé kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹjọ́ àwọn dọ́gba. Nínú họ́ọ̀lù ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti ní agbára rẹ̀. Ní 1957, àwọn aláṣẹ fi wáyà dí àwọn họ́ọ̀lù ọkùnrin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹran ọgbà kọ́ ni àwọn, wọ́n fà á ya, àwọn aláṣẹ sì ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1960, òmìnira kò tíì pé oṣù méjì, àwọn ọmọ Ìbàdàn kan náà lọ sí Èkó láti tako àdéhùn ológun tí Nàìjíríà fẹ́ bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ìjọba fagi lé àdéhùn náà ní 1962.

Ẹ̀jẹ̀ náà sì ta sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní họ́ọ̀lù Azikiwe ló bẹ̀rẹ̀ rògbòdìyàn tó mú ọlọ́pàá wọ ọgbà ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971. Ìbọn wọn pa Adékúnlé Adépéjù. Orúkọ rẹ̀ ni ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ́ lónìí. Ní 1978, ìjọba ológun gbé owó oúnjẹ ojúmọ́ láti 50 kọ́bọ̀ sí náírà kan àti 50 kọ́bọ̀, ìwọ́de tí a mọ̀ sí Ali Must Go sì gba gbogbo yunifásítì kan. Ṣẹ́gun Òkéowó ti Yunifásítì Èkó ló ṣáájú ẹgbẹ́ gbogbogbòò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà. Wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ náà, NANS sì rọ́pò rẹ̀ ní 1980.

Ohun tí ìbọn kò lè ṣe ni ìwé ìnáwó ṣe. Ní 1984 ni ìjọba àpapọ̀ dá owó ìrànwọ́ oúnjẹ dúró. Gbọ̀ngàn ìjẹun di ti aládàáni, ẹni tó ní owó ló ń rà. Sítóòfù kẹrosíìnì wọ yàrá. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta a dá owó, wọn a ra ìrẹsì ní Bódìjà, wọn a pín in sínú ìkòkò kan. Bí ìparí oṣù bá dé, gàrí, ṣúgà àti ẹ̀pà ni. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní, òótọ́ sì ni ọ̀rọ̀ náà: ẹni tí kò ní ohun tí yóò dá kò lè wọ inú àjọjẹ ìkòkò bí ó ṣe ń wọ gbọ̀ngàn. Láti ìgbà yìí ni ẹgbẹ́ tó ń jẹun pọ̀ ti sún kì, láti ìwọ̀n họ́ọ̀lù dé ìwọ̀n yàrá. A gbà pé ìyípadà yìí ló tóbi jù nínú gbogbo ìtàn àjọgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn, ó ju ìwọ́de kankan lọ.

Ẹgbẹ́, orúkọ àti eré

Họ́ọ̀lù fún ọmọ ní orúkọ, ó sì fún un ní orin. Àwọn ọmọ Independence ń pe ilé wọn ní Katanga, àwọn ọmọ Azikiwe sì ń jẹ́ Baluba. Inú ìròyìn ogun Kóńgò ni wọ́n ti mú orúkọ méjèèjì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 síwájú, orúkọ náà kò sì kúrò lẹ́nu títí di òní. Títì kan ló pín wọn níyà, orin ìfiniṣẹ̀sín sì ń lọ ó ń bọ̀ láàrin wọn. Ọ̀sẹ̀ họ́ọ̀lù wà fún bọ́ọ̀lù, àríyànjiyàn àti àsè. Ìwé ìròyìn náà pọ̀. Achebe ṣe olótùú University Herald. Ní ìparí ọdún 1950 síwájú, J. P. Clark dá The Horn sílẹ̀ fún ewì. Ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé náà kún fún iṣẹ́, tó fi di pé ní 1964 wọ́n gbé Shakespeare sórí ọkọ̀, wọ́n ń fi í káàkiri orílẹ̀-èdè.

Kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kí a má kan ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ní 1952, Wọlé Ṣóyínká àti àwọn mẹ́fà mìíràn dá Pyrates sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti tako àfarawé òyìnbó àti ẹlẹ́yàmẹ̀yà láàrin akẹ́kọ̀ọ́. Eré àti àwàdà pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn yọ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbé ohun ìjà. Pyrates fúnra rẹ̀ jáde kúrò nínú ọgbà yunifásítì ní 1984, ìjọba fi Òfin 47 ti 1989 de ẹgbẹ́ òkùnkùn, síbẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Àsìkò náà ni kí a fi ọkàn sí. Ọdún tí ìjọba ṣíwọ́ oúnjẹ àti ọdún tí ẹgbẹ́ òkùnkùn ń gbilẹ̀ súnmọ́ra. Èrò tiwa ni pé ọmọ ọdún méjìdínlógún tí kò ní tábìlì tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ yóò wá agbo mìíràn, àgùntàn tó bá sì ń bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́.

Ìlú tó jìnnà, ìlú tó dé

Kìlómítà mẹ́jọ kì í dá ọ̀dọ́ dúró. Ní àkókò orin háíláìfù, Paradise Club nílùú Ìbàdàn ni Eddy Okonta àti ẹgbẹ́ Top Aces ti ń lù, akẹ́kọ̀ọ́ tó ní bàtà dáadáa sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ní 1961, Mbari, ilé ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, ṣí ní ìtòsí Dùgbẹ̀: Ulli Beier, Ṣóyínká, Clark, Christopher Okigbo, Achebe àti Ezekiel Mphahlele ti South Africa wà nídìí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ yunifásítì ti ń rí àwòrán, eré àti ìwé tuntun láìsí olùkọ́ tó ń ka orúkọ. Ìlú ṣe fún wọn ohun tí ọgbà kò lè ṣe: ó fi èdè àti ìlù ilé wọn hàn wọ́n gẹ́gẹ́ bí ohun tí ọ̀mọ̀wé lè fi ṣiṣẹ́.

Lónìí, ìlú ló wá bá ọgbà. Sàǹgó, Bódìjà, Sámóńdà, Orógùn àti Ọjọ́ọ̀ ti so pọ̀ yí i ká, Àgbowó sì dojú kọ géètì rẹ̀ gan-an. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ takisí Máíkírà a máa pe Ọjọ́ọ̀, a máa pe Bódìjà. Oníṣúyà ń fẹ́ iná. Ẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì kò tíì palẹ̀mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dirun fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ilé tó gbà. Ibi tí ọmọ ti ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́, tí ó ti ń ṣòwò, tí ó sì ti ń wo bọ́ọ̀lù Yúróòpù ni èyí.

Àwọn tó gbà wọ́n sílé

Yàrá kò kárí, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń forí pamọ́. Lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, fóòmù tí wọ́n ká sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń tẹ́ sáàrin bọ́ńkì méjì. Orúkọ ẹni tó sùn lórí rẹ̀ kò sí nínú ìwé pọ́tà. Squatter ni wọ́n ń pè é. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti ká fóòmù rẹ̀, ó ti pọn omi, ó sì ti gbá ilẹ̀ kí ẹni tó gbà á tó jí. Inú rere ńlá ni, kò sì sí àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tó ka irú rẹ̀.

Ẹlòmíràn tó gbà wọ́n ni ẹ̀sìn. Ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí akẹ́kọ̀ọ́, MSSN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1954, àti àwọn ìjọ ọ̀dọ́ Krìstẹ́nì ń ṣe lónìí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí họ́ọ̀lù ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń pàdé ọmọ tuntun ní géètì, wọ́n ń bá a wá ilé, wọ́n ń kọ́ ọ ní ìṣirò kí ìdánwò tó dé, wọ́n sì ń fún un ní oúnjẹ lẹ́yìn ìsìn. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọnù ni àdàlù. Tábìlì àtijọ́ kó ẹlẹ́sìn àti ẹ̀yà gbogbo jọ. Ní agbo tuntun, ẹni tó bá jọ ẹ ló máa ń pọ̀ níbẹ̀.

Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti 2022, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì tó sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Họ́ọ̀lù dá páropáro fún oṣù mẹ́jọ. Orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ ti di ara wọn mú, àwọn mìíràn sì dúró sí Àgbowó nítorí iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ti dá sílẹ̀. Àdúgbò kò ti ilẹ̀kùn.

Àgbálọgbábọ̀

Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Síbẹ̀ àwọn tó gbé pọ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1950 síwájú ni wọ́n kọ ìwé, ṣe adájọ́, tọ́jú aláìsàn, tí wọ́n sì darí orílẹ̀-èdè pọ̀, nítorí pé wọ́n ti mọ ara wọn kí ipò tó dé. A kò bẹ̀bẹ̀ pé kí gáùn àti tábìlì gíga padà. Ohun mẹ́ta ni a ń béèrè: kí gbogbo ọmọ ọdún kìíní ní ibùsùn nínú ọgbà; kí oúnjẹ kan lójúmọ́, ó kéré tán, jẹ́ èyí tí aláìní lè rà nínú gbọ̀ngàn họ́ọ̀lù rẹ̀; kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní aṣojú fún àwọn tó ń gbé Àgbowó, Orógùn àti Ọjọ́ọ̀, kí iná àti ààbò àdúgbò wọn di ẹrù yunifásítì náà. Nígbà tí àwọn aláṣẹ bá ń ṣírò iye ọmọ tí wọn yóò gbà, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń kà. Kí wọ́n ka ibùsùn àti àwo oúnjẹ mọ́ ọn, nítorí níbẹ̀ ni ọmọ Nàìjíríà kan ti ń kọ́ láti fi ọkàn tán ọmọ Nàìjíríà kejì.