Ta Ni Ó Gba Àwọn Ará Vietnam Sílé?

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, a máa ń gbọ́ pé àánú àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́ pọ̀ ju ti òde òní lọ. Ìtàn kò jẹ́rìí sí i. Nígbà tí ìlú Saigon ṣubú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1975, àwọn tí kò fẹ́ kí ogunléndé Vietnam wọlé pọ̀ ju àwọn tí ó fẹ́ wọn lọ. Síbẹ̀, Ààrẹ Gerald Ford kò yẹsẹ̀; nǹkan bí 130,000 ènìyàn ni ó wọlé lọ́dún náà. Àgọ́ ọmọ ogun, bí Fort Chaffee ní Arkansas, ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ẹbí kò lè jáde níbẹ̀ àfi bí wọ́n bá rí onígbọ̀wọ́. Àwọn ìjọ Kristẹni ṣe onígbọ̀wọ́ púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì bá wọn wá ilé àti iṣẹ́.

Ní ọdún 1980, ogunléndé tí Amẹ́ríkà gbà lé ní 200,000. Ní ọdún 2019, nǹkan bí 30,000 péré ni. Ìbẹ̀rù aráàlú kì í ṣe tuntun. Ìgboyà àwọn aṣáájú ni ó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ìjọ wọ̀nyẹn ṣe kò kọjá agbára mọ́ṣáláṣí wa. Àlejò ni àwa náà lánàá.