Ìtọ́jú Dátà Ìwádìí: Láti Igbó Ère Ẹ̀sìẹ́ Dé Yunifásítì Òmù-Àrán

Dátà ìwádìí ni gbogbo ohun tí olùwádìí kó jọ kí ó tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé báyìí lọ̀rọ̀ rí: òṣùwọ̀n tó gbà lóko, ohùn àgbà tó gbà sílẹ̀, fọ́tò, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀. Ètò ìtọ́jú dátà ni ìwé kúkúrú tí olùwádìí ń kọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Inú rẹ̀ ló ti ń sọ ohun tí yóò kó jọ, bí yóò ṣe tò ó, ibi tí yóò pa á mọ́ sí, ẹni tó lè rí i, àti ẹni tí yóò máa bójú tó o lẹ́yìn tí owó iṣẹ́ bá tán. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló le jù. Ilẹ̀ Ìgbómìnà sì ti ń dáhùn rẹ̀ kí yunifásítì kankan tó dé ibẹ̀.

Àwọn ère Ẹ̀sìẹ́

Ẹ̀sìẹ́, ìlú Ìgbómìnà kan, kò jìnnà sí Òmù-Àrán, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ìpínlẹ̀ Kwara. Ibẹ̀ ni ère òkúta tó lé ní 1,000 wà. Òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn: ọkùnrin àti obìnrin tó jókòó lórí àpótí, irun dídì aláràbarà lórí, àwọn mìíràn pẹ̀lú ohun ìjà lọ́wọ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní ọdẹ kan tó ń jẹ́ Baragbọ́n ló bá wọn pàdé nínú igbó ní nǹkan bí ọdún 1775, ó sì tún ní àlejò ni wọ́n rí kí wọ́n tó di òkúta. Àwọn ará ìlú fi àwòrò ṣọ́ wọn, wọ́n sì ń ṣe ọdún ère fún wọn lọ́dọọdún. Ère kò ṣe aláìní olùtọ́jú nígbà náà. Ohun tí kò bá wọn dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú ni orúkọ ẹni tó gbẹ́ wọn, ìgbà tó gbẹ́ wọn, àti ohun tó gbẹ́ wọn fún. Títí di òní, àríyànjiyàn ni àwọn onímọ̀ ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní 1933, H. G. Ramshaw, tó ń bẹ àwọn ilé ìwé ìjọ CMS wò, dé ibẹ̀, ìròyìn ère náà sì tàn kálẹ̀. Ìjọba dá ẹ̀ka ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní 1943 lábẹ́ Kenneth Murray. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1945, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀sìẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ tó kù ni kíkà wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Phillips Stevens, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, ló dáwọ́ lé e láàárín àwọn ọdún 1960. Ìwé rẹ̀ lórí ère Ẹ̀sìẹ́ jáde ní 1978 pẹ̀lú fọ́tò àti àpèjúwe wọn. Láti ìgbà náà, olùwádìí tó wà ní Ìbàdàn àti èyí tó wà ní New York lè jọ máa sọ̀rọ̀ lórí ère kan náà láìṣi ara wọn gbọ́.

Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò níbi tí ìwé ìmọ̀ kò dé. Ní 2000, àjọ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lágbàáyé, ICOM, fi ère Ẹ̀sìẹ́ sínú ìwé ìkìlọ̀ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà tí àwọn olè ń lépa. Ère tó bá sọnù tí kò ní fọ́tò tàbí ìwọ̀n lákọsílẹ̀, ta ni yóò jẹ́rìí sí i lọ́jà Yúróòpù pé ti Ẹ̀sìẹ́ ni?

Ìwádìí inú yunifásítì

Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ní 1956, Sàbúrì Bíòbákú darí ètò ńlá kan láti ṣe ìwádìí ìtàn Yorùbá, èyí tó pa àwọn onímọ̀ oríṣiríṣi pọ̀. Ìwé tó ti inú rẹ̀ jáde lórí orísun ìtàn Yorùbá kò dé ọwọ́ òǹkàwé títí di 1973. Yunifásítì Ìlọrin dé ní 1975. Aribidesi Usman wá wa ilẹ̀ láwọn ibùdó àtijọ́ ní Ìgbómìnà, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 2001.

Nínú gbogbo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àṣà tó gbilẹ̀ ni pé ìwé tí a tẹ̀ ń lọ sí ilé ìkàwé, ṣùgbọ́n ìwé àjákọ, kásẹ́ẹ̀tì àti fọ́tò ń bá olùwádìí lọ sílé. Bí ó bá fẹ̀yìn tì tàbí tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò bá páálí nínú yàrá. Àkúnya omi pẹ̀lú kì í wo ojú olùwádìí: ní Oṣù Kẹjọ 2011, omi ya wọ Yunifásítì Ìbàdàn, ó ba oko ẹja àti ọgbà ẹranko jẹ́. Àkọsílẹ̀ tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo kò ní ẹlòmíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ètò náà ṣe di dandan

Láàárín 1957 sí 1958, tí àwọn orílẹ̀-èdè pawọ́ pọ̀ láti ṣe ìwádìí ilé ayé, òkun àti ojú ọ̀run, wọ́n dá àwọn ibùdó dátà àgbáyé sílẹ̀, wọ́n sì tọ́jú ẹ̀dà dátà síbi tó ju ẹyọ kan lọ. Ní 2003, àjọ NIH, tó ń fún ìwádìí ìlera lówó ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ètò pínpín dátà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba 500,000 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún. Ní Oṣù Kìn-ín-ní 2011, àjọ NSF, tó ń fún ìwádìí sáyẹ́ǹsì lówó níbẹ̀, sọ ètò ìtọ́jú dátà di dandan fún gbogbo ẹni tó bá ń tọrọ owó ìwádìí lọ́wọ́ wọn. Ọdún 2011 yìí kan náà ni Yunifásítì Landmark ṣílẹ̀kùn ní Òmù-Àrán, tó sì gbájú mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní 2016, àwọn onímọ̀ gbé ìlànà FAIR jáde: dátà gbọ́dọ̀ ṣeé wá rí, ó gbọ́dọ̀ ṣeé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bá dátà mìíràn ṣiṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ ṣeé tún lò. Láti Oṣù Kìn-ín-ní 2023, NIH ń béèrè ètò náà lórí gbogbo iṣẹ́ tó bá mú dátà sáyẹ́ǹsì wá, owó ì báà kéré.

Ilẹ̀ Yorùbá kò sí lẹ́yìn nínú èyí. IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ní àkójọ irúgbìn ẹ̀wà tó tóbi jù lọ láyé, ó lé ní oríṣi 15,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà àti àlàyé ibi tó ti wá. Nígbà tí kòrónà kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ní 2020, ibùdó ìwádìí àrùn ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's, Ẹdẹ, ka àbùdá kòkòrò náà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ síta fún gbogbo ayé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Iyára bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rọ nìkan: ó ń béèrè pé kí wọ́n ti mọ ẹni tó ń kọ ọ́, ibi tí yóò lọ, àti ẹni tó láṣẹ láti gbé e síta kí àìsàn tó dé.

Ohun tó wà nínú ètò kan

Ká gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ mọ ajílẹ̀ tó dára jù fún àgbàdo ní agbègbè Òmù-Àrán. Ètò rẹ̀ yóò sọ pé kílógíráàmù ni yóò máa lò fún ìkórè, nítorí kóńgò ọjà kan lè má dọ́gba pẹ̀lú ti ọjà kejì. Yóò yan bí orúkọ ìlú yóò ṣe máa rí lákọsílẹ̀: bí ó bá kọ Omu-Aran lónìí, tó kọ Omuaran lọ́la, ìlú méjì ni kọ̀ǹpútà yóò kà á sí. Yóò kọ ìtumọ̀ orí ìlà kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì ọ̀tọ̀. Yóò ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan lára wọn sì jìnnà sí ibi tí òun ń gbé, nítorí láàpútọ́ọ̀pù àti fláàṣì tó wà nínú báàgì kan náà, olè kan ṣoṣo ló máa gbé méjèèjì lọ.

Bí ó bá kan ènìyàn, òfin wọ ọ̀rọ̀ náà. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ń dáàbò bo orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ọ̀rọ̀ ìlera ẹni. Nítorí náà, àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe kí ó tó gbà, kí wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó pín dátà. Ìlànà CARE, tó jáde ní 2019, fi kún un pé àwùjọ ìbílẹ̀ tí wọ́n ti kó dátà gbọ́dọ̀ ní àṣẹ lórí rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ àǹfààní rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gba ohùn àwòrò Ẹ̀sìẹ́ sílẹ̀, ìlú ló yẹ kó sọ apá tó jẹ́ ti awo àti apá tó lè dé etí aráyé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ti ń kùnà ni ìlà tó kẹ́yìn, ti ẹni tí yóò máa bójú tó dátà. Wọ́n á kọ ọ́ dáadáa nítorí owó, wọn kò sì ní yan ẹnikẹ́ni sí i. Àwòrò ní ipò, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù. Dátà yunifásítì pẹ̀lú nílò òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbà á, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì gbé e sórí ẹ̀rọ tuntun bí èyí tó wà bá ti gbó. Kí owó iṣẹ́ yìí wà nínú ìnáwó ìwádìí láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí orúkọ ipò olùtọ́jú sì wà nínú ètò. Ètò tí kò bá dárúkọ rẹ̀ kò tíì parí.